Àkànní Tó Fẹ́ Fi Kámíọ̀ Dé Róòmù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, ọ̀rọ̀ kan rìn káàkiri Parakou, láti àdúgbò Zongo títí dé ibi tí rélùwéè ti parí. Wọ́n ní àwọn Túárẹ́gì kan tí wọ́n ń da ràkúnmí kọjá nínú aginjù Sàhárà gbọ́ ìró kan, gbì, gbì, gbì, láti ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn. Wọ́n rò pé ànjọ̀nú ni. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fa idà yọ, wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yí òkìtì náà ká, àfi bí wọ́n ṣe bá ọkùnrin méjì ará Dàhòmì tí wọ́n bọ́ra sí ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n ń gún iyán. Wọ́n ní èyí àgbà nínú wọn gbójú sókè, ó nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ó ní, “Ẹ ò bá wa jẹun.” Ìdajì ìlú gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Àwa tó kù gba ìdajì rẹ̀ gbọ́, nítorí a mọ Àkànní, a sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí Olúwa bá pè é sọ́run, yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Pétérù Mímọ́ bóyá odó wà níbẹ̀.

Ọmọ́yẹmí, ìyàwó rẹ̀, kò sí nínú àwọn tó gbà á gbọ́, kò sì sí nínú àwọn tó kọ̀ ọ́. Òun ló di ẹrù. Ọgọ́ta iṣu ló kà sínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú odó kan àti ọmọ odó méjì, nítorí Àkànní ní bí ọ̀kan bá dá mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí kò sí igi, ta ni àwọn ó lọ bá? Táyà àfirọ́pò, ẹyọ kan ló mú.

Ará Ṣábẹ̀ ni Àkànní. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó fi èjìká gbé irin rélùwéè lọ sókè láti Ṣábẹ̀. Nígbà tí irin náà dé Parakou, tí àwọn Faransé ní ó tó gẹ́ẹ́, bàbá náà sọ irin tó wà léjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó sì kọ́lé síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dun Àkànní wọ egungun. Títí tó fi di baba ọmọ ni ó máa ń lọ dúró níbi tí irin ti parí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, á máa wo ìhà àríwá bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé gba ibẹ̀ lọ. “Wọ́n ti rin láti etí òkun dé ibí,” ni yóò wí. “Kí ló wá rẹ̀ wọ́n?” Ẹlòmíràn a máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣọ̀tá, ẹlòmíràn a bá àna rẹ̀ ṣọ̀tá. Rélùwéè ni Àkànní ń bá ṣọ̀tá ní tirẹ̀.

Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ oníṣòwò Faransé kan tó máa ń fi fìlà gbá a létí bó bá ti yí jíà ṣì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́dọ̀ Alájì Gàní ní Zongo. Yorùbá ni Gàní, Mùsùlùmí ni, ìdílé rẹ̀ ti Ìlọrin wá. Kámíọ̀ mẹ́rin ló ní, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gìrìwò tó ń kó ẹ̀pà láti òdì kejì odò Ọya wá pàdé ọkọ̀ ojú irin ní Parakou. Ohùn rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ bó ṣe ń bá a wí.

Níbẹ̀ ni wàhálà Àkànní ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo awakọ̀ àti oníṣòwò tó ń wọ àgbàlá Gàní, òun nìkan ni kò ní orúkọ oyè. Àwọn yòókù ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n gba ilẹ̀ Ṣáàdì àti Sùdáànì kọjá lórí ẹrù, wọ́n padà dé pẹ̀lú fìlà funfun àti ikọ́ tí kò lọ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pe “Alájì!” nínú àgbàlá yẹn, èèyàn mẹ́jọ ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá pe “Àkànní!”, gbogbo ayé á mọ̀ pé táyà ló jò.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dúró de Mọ̀npẹ́, àlùfáà Faransé wa onírùngbọ̀n, lẹ́yìn Máàsì.

“Mọ̀npẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Kátólíìkì tó bá lọ sí Róòmù tó sì bọ̀, kí ni wọ́n ń pè é?”

“Ẹni tó ti rẹ̀,” ni Mọ̀npẹ́ dáhùn.

“Oyè ni mò ń béèrè.”

“Àkànní, lọ sílé, lọ jẹun.”

Ó lọ sílé, ó jẹun. Ìmọ̀ràn Mọ̀npẹ́ kan ṣoṣo tó gbà lọ́dún náà nìyẹn. Bó ti fọwọ́ tán, ó ní, “Ọmọ́yẹmí, mò ń lọ sí Róòmù.”

Ọmọ́yẹmí ń pa àwo mọ́. Kò dúró. “Nígbà wo?”

“Lẹ́yìn ìkórè.”

“Kí lẹ ó wọ̀ lọ?”

“Kámíọ̀.”

“Baba Yétúndé, òkun wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ gan-an, ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ lọ sí Róòmù.”

“Ọkọ̀ náà kò ha fọ́ bí? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba orí ilẹ̀. Omi tó kù lẹ́yìn aginjù kò ju bíńtín lọ.”

Ọmọ́yẹmí wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe iyán ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó bá ti gbé pẹ̀lú ọkùnrin fún ogún ọdún mọ ojú tí kò ṣeé bá jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu jọ.

Gàní gbà pé kó mú kámíọ̀, kì í ṣe nítorí Róòmù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè gbé obì sọdá aginjù lọ bá àwọn ará Àlùjẹ́ríà, kó sì gbé dàbínù bọ̀. “Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ ta obì, ẹ ra dàbínù, kí Òjó wa ọkọ̀ mi bọ̀,” ó ní. “Ìwọ máa fẹsẹ̀ rin lọ bá Póòpù rẹ.”

Òjó yìí ni mẹkáníìkì wọn, ọmọ Ìdàáṣà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kò lè tú. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni ẹ̀rín, ó sì máa ń kọ lù ú níbi tí kò yẹ. Ó ti rẹ́rìn-ín níbi òkú, ó ti rẹ́rìn-ín níwájú ajẹ́lẹ̀ Faransé. Àkànní ní òkè tó yí Ìdàáṣà ká ló há èémí mọ́ wọn nínú tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín rándanrándan. “Ẹ̀gbọ́n, Ṣábẹ̀ náà kò ha lókè ni?” ni Òjó á wí. “Tiwa fàyè sílẹ̀,” ni Àkànní á fèsì.

Wọ́n gbéra nínú ọyẹ́, oṣù Kejìlá ọdún 1963. Wọ́n kọjá Kandi, wọ́n sọdá odò Ọya ní Malanville, wọ́n rin títí wọ́n fi dé Agadez, níbi tí ọ̀nà ti di ìfọkàntán. Sójà tó wà níbẹ̀ bi wọ́n pé omi mélòó ni wọ́n gbé. Wọ́n ní àgbá ńlá méjì. Sójà ní ó dára, ẹ máa lọ. Kò béèrè nípa iṣu. Ta ló kọ́ sójà ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀ láti máa béèrè nípa iṣu?

Gbogbo ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ ohun tó kàn. A ó fi omi fọ iṣu, a ó fi omi sè é, a ó fi omi ta iyán, a ó fi omi fọ odó, a ó fọwọ́ ká tó jẹ ẹ́, a ó fọwọ́ lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ tán, lẹ́yìn náà ni òùngbẹ yóò wá dé. Ní Parakou, ọ̀rọ̀ kànga ni gbogbo èyí. Lọ́nà aginjù, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Òjó kan àgbá kejì, ó sì dún bí àgbá òfìfo. Ẹ́ńjìnnì náà ń mu omi tirẹ̀, ó sì ń mu ún ju àwọn méjèèjì lọ. Kànga tó kàn wà ní ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Àkànní wo ẹ́ńjìnnì tó ń rú èéfín, ó wo àwọn ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ iṣu kúrò nínú wọn. Ní àtijọ́, ṣe ni wọ́n máa ń da omi yẹn nù.

Ó ní, “Omi ni omi.”

Ọ̀dọ̀ Òjó ni Ọmọ́yẹmí ti gbọ́ eléyìí, ní ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́yìn tó ti búra pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi iṣu wọ inú rẹdiétọ̀, ibi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń gbé. Ẹ́ńjìnnì gbóná, omi náà hó, ó ki, ó dì. Kámíọ̀ Alájì Gàní kú síbẹ̀, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ àwọn ológun tó fi okùn fà wọ́n padà sí Agadez. Nígbà tí Òjó tú rẹdiétọ̀ náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ funfun, ó ń dán, ó jọ ẹ̀kọ tútù. Òjó ní bí òun bá ní ewé ni, òun ìbá pọ́n ọn tà.

Ṣùgbọ́n Àkànní ti yan ìtàn tirẹ̀ kó tó dé Parakou. “Iyọ̀ ni,” ó ní. “Kànga àwọn Túárẹ́gì kún fún iyọ̀.” Ó sọ ọ́ fún Gàní, ó sọ ọ́ fún gbogbo àwọn Alájì, ó sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó sọ fún Mọ̀npẹ́ nínú ìjẹ́wọ́, àárín òun àti Ọlọ́run ló wà. Ọmọ́yẹmí kàn ṣàkíyèsí pé nígbà tí Mọ̀npẹ́ jáde nínú àpótí ìjẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Gàní wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ní January ọdún 1965, ó tún fún un ní ọkọ̀, ó ní, “Kò sí iṣu.” Gàrí, ẹran gbígbẹ àti obì ni Ọmọ́yẹmí dì lọ́tẹ̀ yìí, omi sì pọ̀ débi pé Òjó ní àwọn lè ṣe ìrìbọmi fún gbogbo ìlú tó wà lọ́nà.

Iyán kọ́ ló dá wọn padà lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ Ìsinmi ni.

Ọkọ̀ méje ló jọ gbéra láti Agadez kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́, ará Kánò kan sì ni olórí wọn. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni gbogbo ọkọ̀ á dúró kí wọ́n kírun. Ṣe ni Àkànní ń kà á. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, tí olórí ní kí wọ́n gbéra, Àkànní jókòó sórí iyanrìn, ó yọ rósárì.

“Ọjọ́ Olúwa nìyí. Ẹ jẹ́ ká sinmi.”

“Mùsáfírì, arìnrìn-àjò, ni gbogbo wa,” ni ará Kánò náà wí. “Máa bọ̀.”

“Ẹ ti dúró nígbà márùndínlógójì láàárín ọjọ́ méje. Mo bá yín dúró, n kò ráhùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́.”

“Tiwa kò pẹ́. Tìẹ, odindi ọjọ́ kan ni.”

“Ẹ ṣe ìṣirò tiyín pọ̀ ná, ká wò ó!”

Wọ́n kò dúró ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ mẹ́fà fi eruku bo òun àti Òjó lójú, wọ́n lọ. Àkànní ka rósárì, ó kọ gbogbo orin ìsìn tó mọ̀, títí kan ti Kérésìmesì, ó sì sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Lóru, afẹ́fẹ́ jà. Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan kò sí lórí iyanrìn mọ́, ibi gbogbo ló rí bákan náà. Òjó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Wọ́n ń fi oòrùn mọ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, wọ́n padà sí Agadez, wọ́n padà sí Parakou, pẹ̀lú obì tó ti gbẹ bí òkúta wẹ́wẹ́.

“Àkànní,” ni Mọ̀npẹ́ wí nígbà tó gbọ́, “ìjọ yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“O ò béèrè. Orúkọ oyè lo béèrè.”

Láti ìgbà náà, ilé kò ṣeé gbé. Àkànní fi èédú ya ọ̀nà sára ògiri pálọ̀: Parakou wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Agadez wà lókè àga, Róòmù sì wà lórí àwòrán Màríà Mímọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ọmọ́yẹmí á fi ẹfun kùn ún, òun á tún un yà. Bó bá jókòó jẹun, sùúrù ni yóò máa fi wọ́ òkèlè gba etí àwo, á ní, “Níbí ni kànga wà.” Àwọn èèyàn á kọjá lójú pópó, wọ́n á fẹsẹ̀ kilẹ̀, gbì, gbì, gbì. Kò ní dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, á lọ síbi tí irin ti parí, á sì pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọmọ́yẹmí gbàdúrà pé kí Olúwa mú ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tirẹ̀ sí Kristófà Mímọ́, alágbàwí àwọn arìnrìn-àjò, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí Àkànní jókòó. Ó ti rí i bó ṣe rí nígbà tó bá jókòó. “Ẹ jẹ́ kó dé ọ̀hún,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kó dé ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ara lè tù ú, kí ara lè tu èmi náà.”

Ní November ọdún 1966, Gàní ránṣẹ́ pe Àkànní àti Ọmọ́yẹmí.

Ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Gàní jókòó lórí ẹní ní ẹnu ọ̀nà ńlá ilé rẹ̀, níbi tó ti máa ń dá ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀. Òjó ti wà níbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò. Gàní tún pe Kátíkísì Ọláìtán, olùkọ́ni ẹ̀sìn wa ní àdúgbò Ládjìfàrànì, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ ń fẹ́ ẹlẹ́rìí onígbàgbọ́. Kámíọ̀ wà níta, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ẹní, níwájú orúnkún Gàní. Ọmọ́yẹmí rí kọ́kọ́rọ́ náà kó tó rí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè Yétúndé tó wà nílé ọkọ ní Ṣábẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Gàní sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ síwájú láti gbọ́.

“Àkànní, ọkọ̀ nìyẹn. Epo wà níbẹ̀. Obì dé lánàá. O lè gbéra láàárọ̀ ọ̀la. N kò ní fún ọ lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan kí kọ́kọ́rọ́ yìí tó kúrò lórí ẹní.”

“Ẹ béèrè, Alájì.”

“Kí ló pa ẹ́ńjìnnì mi lọ́jọ́sí?”

“Iyọ̀,” ni Àkànní wí.

Òjó wúkọ́. Kátíkísì wo òrùlé.

“N kò ní kí o rà á padà fún mi,” ni Gàní wí. “Ẹ́ńjìnnì yẹn ti kú, mo ti gbàgbé òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó parọ́ fún mi ní Zongo níbí, níbi tí mo ti lè dìde lọ fojú ara mi wò ó, kí ni yóò sọ fún mi láti ibi tí n kò lè dé?”

“Baba Yétúndé,” ni Ọmọ́yẹmí wí, “gbólóhùn kan ni.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ sọ ọ́ ká máa lọ. Mo ti yan gàrí.”

“Ẹ rò ó bí ìgbà tí ẹ bá wà níwájú Mọ̀npẹ́,” ni Kátíkísì Ọláìtán dá sí i.

“Mo ti wà níwájú Mọ̀npẹ́. Ó ní kí n ka Mo kí ọ Màríà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo kà á. Ṣé Alájì náà fẹ́ kí n ka Màríà fún òun ni?”

“Màríyámọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa,” ni Gàní fèsì. “Mọ̀npẹ́ ni kò ní kámíọ̀.”

Òjó fi ọwọ́ di ẹnu. Ọmọ́yẹmí rí iṣan tó ń sáré létí ọkọ rẹ̀, ó mọ̀ pé bí òun kò bá tètè ṣe nǹkan, yóò tún sọ iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Alájì, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo di iṣu. Mo mọ̀ pé aginjù ni wọ́n ń lọ, mo sì di ọgọ́ta iṣu fún wọn. Wọ́n ní ọmọ odó kan kò tó, mo fi ìkejì sí i. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ó ku tàwọn tó kù.”

Àkànní wo orí ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ ba. Nígbà tó lanu, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti Gàní.

“Omi ti tán, Alájì. Ẹ́ńjìnnì ń jóná lójú mi. Mo wo àwọn ìkòkò iṣu, omi wà nínú wọn. Mo rò pé…” Ó wo kámíọ̀ tó wà níta. “Èmi ni mo dà á sí i.”

Ọmọ́yẹmí dúpẹ́ lọ́wọ́ Kristófà Mímọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ṣèlérí àbẹ́là méjì fún un, àwọn tó gùn. Gàní mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó nà án síwájú. Àkànní na ọwọ́.

“Ìkòkò mélòó?” ni Gàní béèrè, bí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ọmọ.

“Méjì.”

Ẹ̀rín kọ lu Òjó. Ó gbìyànjú láti fi imú dá a dúró, imú kò gbà á.

“Kí lò ń rín?” Àkànní yíjú sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kò sí nǹkan kan.”

“Òjó,” ni Gàní wí, “mélòó?”

Òjó wo ilẹ̀. “Mẹ́ta ni, Alájì.”

“Irọ́ ni! Méjì!”

“Ẹ̀gbọ́n, a ti da méjì, ọkọ̀ rìn díẹ̀, ó tún hó. Mo ṣí ojú rẹdiétọ̀, mo fi igi kàn án, igi gbé ẹ̀kọ jáde. Mo fi hàn yín. Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ki, ẹ má ṣe dà á mọ́.’ Ẹ wá ní, ‘Ta ni ọ̀gá nínú ọkọ̀ yìí?’ Ẹ dà á.”

Ọmọ́yẹmí pa ojú dé. Ó ti ń gbọ́ “ta ni ọ̀gá nínú ilé yìí” láti ọdún mẹ́tàlélógún. Òjó kò lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọ fúnra rẹ̀.

“Méjì àkọ́kọ́ yẹn,” ni Gàní wí, ọwọ́ rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lókè, “n kò bínú sí i. O kò mọ̀. Bí omi bá tán mọ́ èmi náà lọ́wọ́, mo lè dà á. Ẹ̀kẹta ni mò ń béèrè. Wọ́n ti sọ fún ọ, o ti fojú rí i.”

“Méjì ni, Alájì.”

“Baba Yétúndé, ẹ sọ mẹ́ta,” ni Ọmọ́yẹmí wí.

“Ìwọ náà, Ọmọ́yẹmí? Ṣé o wà níbẹ̀ ni?”

“N kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀.”

“Ará Ìdàáṣà ni ẹ fẹ́ gbà gbọ́?”

“Ẹ fi Ìdàáṣà sílẹ̀! Ẹ ti sọ méjì, kí ló wà nínú ẹ̀kẹta? Ìkòkò kan ló kù láàárín ẹ̀yin àti Róòmù!”

“Ẹ sọ pé ẹ kò rántí dáadáa,” ni Kátíkísì gbìyànjú. “Ìyẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ nínú.”

“Mo rántí. Méjì ni. Kí Òjó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kí n gba kọ́kọ́rọ́ mi.”

“Ẹ̀gbọ́n, ǹ bá kó o jẹ,” ni Òjó wí, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá, “ṣùgbọ́n èmi náà ń bá yín lọ. Bí mo bá tún sọ fún yín lọ́hùn-ún pé ẹ má ṣe nǹkan, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó gbọ́.”

Àkànní dìde.

“Jókòó, Àkànní,” ni Gàní wí. “N kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò le. Bí o bá lè sọ pé…”

Àkànní ti wọ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ó wọ ìkejì, ó gba àárín Kátíkísì àti ògiri kọjá, ó jáde sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ọmọ́yẹmí rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ kámíọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ náà kọjá, kò wò ó, kò sì rọra rìn. Gàní ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ jẹ́jẹ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí Àkànní yà níkòríta Zongo tí ojú kò rí i mọ́.